Láti 1.2 dé 106: kí ni nọ́ńbà kíndìnrín tó wà nínú ìwé láàbù ń sọ gan-an?

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan báyìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí láàbù ni, mi ò tíì wọ kóòtù mi tán, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ti wọlé pẹ̀lú àbígbẹ̀yìn ẹ̀ ọkùnrin. Ìwé méjì wà lọ́wọ́ ọmọ, fóònù wà létí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Canada ló ń pariwo nínú fóònù ọ̀hún débi pé gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Ìwé àkọ́kọ́, láàbù kan ló ṣe é lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, 1.2 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé kejì, láàbù mìíràn ni, creatinine 106. Láti 1.2 dé 106 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì! Wọ́n ní kíndìnrín Ìyá ti lọ nìyẹn. Ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, àbúrò wọn kan sì ti sáré lọ gbé àgbo wá láti Ọjà'ba, ike ẹ̀ ló wà nínú nylon tí Ìyá gbé dání yẹn.

Mo wo ìwé méjèèjì, mo tún un wò. Nọ́ńbà kan náà ni.

Láàbù kan fi mg/dL kọ tiẹ̀, èkejì fi µmol/L kọ tiẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ti àkọ́kọ́ di ti ìkejì, ẹ fi 88.4 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ṣe é lórí fóònù yín, 1.2 lọ́nà 88.4, 106 ló máa bọ́ sí. Mo ní Ìyá, èlùbọ́ tí ẹ fi kóńgò wọ̀n fún oníbàárà, tó bá gbé e délé tó tún fi kílò wọ̀n ọ́n, ṣé èlùbọ́ ti pọ̀ sí i ni? Ìyá ní "Rárá o, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọnú." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ń dúpẹ́, ará Canada ń kọrin nínú fóònù, Ìyá fẹ́ máa jó. Èmi ni mo wá ba ijó jẹ́. Mo ní ẹ dúró ná, mà, torí 106 yẹn fúnra ẹ̀, fún èèyàn bíi tiyín, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n ń rí tí wọ́n ń jó.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé irú ìwé yìí wá sójú fèrèsé wa, àwọn kan á ti sunkún débẹ̀, àwọn kan á ti fò fáyọ̀ débẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì ló ṣi ìwé kà. (Wọ́n máa ń pè mí ní dókítà o. Èmi kì í ṣe dókítà, ara àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mí, mo ti ṣàlàyé ìyẹn náà títí ó ti sú mi.)

Kí ni kíndìnrín ń ṣe, kí sì ni eGFR?

Kíndìnrín, tí àwọn àgbà ń pè ní iwe, méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bí ìkúùkù èèyàn, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lábẹ́ egungun ìhà. Asẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń sẹ́ ẹ, ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù á bọ́ sílẹ̀, á di ìtọ̀. Àwọn asẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi mílíọ̀nù kan.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò kéré. Láti òwúrọ̀ òní di òwúrọ̀ ọ̀la, omi tí kíndìnrín ẹni tára ẹ̀ le ń sẹ́ látinú ẹ̀jẹ̀ tó bíi 180 lítà. Àpò píọ́ wọ́tà kan, 20 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, ẹ ṣírò ẹ̀, àpò píọ́ wọ́tà 18 lóòjọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé a mu omi tó tó yẹn o, omi kan náà ni wọ́n ń sẹ́ ní àsẹ́túnsẹ́, ara ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà, ìwọ̀nba bíi lítà kan sí méjì ló ń jáde bí ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò kì í gbà tí èèyàn bá ní "èmi ń tọ̀ dáadáa, kò sóhun tó ṣe kíndìnrín mi". Èèyàn lè máa tọ̀ yàà kí asẹ́ ti máa dẹnu kọlẹ̀, torí bí ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó kọ́ lọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó lọ̀rọ̀.

Bí asẹ́ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni wọ́n ń pè ní GFR: mílílítà mélòó ni kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀dọ́ tára ẹ̀ le máa ń wà ní nǹkan bíi 100 sí 120, tí a bá sì ti kọjá ogójì ọdún ó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bí ẹyọ kan lọ́dún. "1.73" tẹ́ ẹ máa ń rí nídìí nọ́ńbà náà, ìwọ̀n ìtóbi ara ni, kí wọ́n lè fi gìrìpá wé ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ni "e" kékeré tó wà níwájú GFR yẹn, torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń fò. Ìfojúbù ló túmọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó wọ inú yín lọ wọ̀n ọ́n. Wọ́n fojú bù ú ni.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú wọ̀n ọ́n tààrà?

Wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Wọ́n á fún èèyàn lábẹ́rẹ́ nǹkan kan tí kíndìnrín máa sẹ́ jáde, bí irú iohexol, wọ́n á wá máa gba ẹ̀jẹ̀ léraléra fún wákàtí mélòó kan láti wo bó ṣe ń tán sí. Ó péye, àmọ́ ó wọ́n, ó sì ń jẹ àsìkò. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì lé yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ máa tọ̀ sí i fún wákàtí 24. Wàhálà tún nìyẹn. Èèyàn á ti tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Dùgbẹ̀ nígbà tí kẹ́ẹ̀gì wà nílé, kò ní sọ, àwa á ṣèṣirò, èsì á wọ́. Mo ti rí ẹni tó bu omi ẹ̀rọ dí tiẹ̀ kó lè tètè kún, mi ò purọ́ mọ́ ọn.

Kí ni creatinine wá jẹ́?

Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí. Ẹ mọ òkìtì ìdọ̀tí tí wọ́n máa ń kó sáàárín títì láwọn ibì kan n'Íbàdàn, tó ń dúró de ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí? Ká sọ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ àmọ́ ẹ ò ráyè tẹ̀ lé e kiri. Ẹ kàn lọ wo òkìtì. Tó bá kéré, wọ́n ń kó o. Tó bá ti fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ àwọn Micra lójú, nǹkan ti ṣe ọkọ̀.

Creatinine ni ìdọ̀tí yẹn. Ẹran ara wa, èyí tá a fi ń gbẹ́rù tá a fi ń rìn, ló ń mú un jáde bó ṣe ń lo agbára, iye tó ń mú jáde lójoojúmọ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e, kíndìnrín á sẹ́ ẹ dànù. Àmì lásán ni, òun kọ́ ló ń pa èèyàn, torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta oògùn "tó ń fọ creatinine kúrò lára" fún yín. Ẹni tó fi ṣọ́bìrì palẹ̀ òkìtì mọ́ tí ò tún ọkọ̀ ṣe, kí ló rò pé òun ṣe?

Ibi tó ti máa ń rú èèyàn lójú ni pé tí agbára asẹ́ bá dín kù sí ìdajì, creatinine ò ní máa ga lọ láìdúró. Á ga dé ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, á dúró síbẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé ìdajì omi ni asẹ́ ń rí sẹ́ báyìí, àmọ́ omi ọ̀hún ti dọ̀tí ní ìlọ́po méjì, iye tó ń jáde á tún bá iye tó ń wọlé dọ́gba. Ẹ wá fojú inú wo ọkùnrin kan tí creatinine ẹ̀ jẹ́ 55 nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ìdajì agbára kíndìnrín ẹ̀ lọ, creatinine ẹ̀ di 110. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì pé bíi 60 sí 110 dáa fún ọkùnrin. Kò ní sí àmì pupa kankan lórí ìwé ẹ̀. Asẹ́ ti lọ dé ìdajì, ìwé ní "normal", ọkùnrin ọ̀hún á lọ jẹ àmàlà ẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Kí ló dé tí 106 fi dáa lára ọmọ tí ò dáa lára ìyá?

Torí òkìtì ìdọ̀tí nìkan ò tó wò, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ilé tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀. Ilé tí ayálégbé ogún ń gbé, òkìtì wọn á ga bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ ń wá déédéé. Ilé tó jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo ló ń gbébẹ̀, tí òkìtì tiẹ̀ bá ga tó ti ilé ayálégbé ogún, ọkọ̀ ti pẹ́ tó ti wá gbẹ̀yìn nìyẹn.

Àbígbẹ̀yìn tó tẹ̀ lé Ìyá wá yẹn, ọmọ ọdún 30, òun ló ń gbé àpò èlùbọ́ wọ ọkọ̀, apá ẹ̀ bí odó. Ká sọ pé creatinine tòun náà jẹ́ 106. Tí a bá kì í sínú ìṣirò tí wọ́n ń lò lóde òní, èyí tí wọ́n ń pè ní CKD-EPI 2021, tó ń bi wá ní creatinine, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, eGFR ọmọ á jẹ́ nǹkan bíi 83. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìyá, pẹ̀lú 106 kan náà, 49 ló bọ́ sí.

Mo bi Ìyá ní ọjọ́ orí o, wọ́n ní àwọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, pé wọ́n ṣáà ní wọ́n ń pọn àwọn nígbà tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá s'Íbàdàn. 1956 nìyẹn, mo bá kọ 70. Àwọn kan máa ń dààmú lórí pé àwọn ò mọ ọjọ́ orí bàbá àwọn gan-an, ẹ fọkàn balẹ̀, tí a bá fi ọdún márùn-ún ṣì í, nọ́ńbà Ìyá ò lè yí ju 1 tàbí 2 lọ.

Tí láàbù bá wá fún yín ní creatinine nìkan láìkọ eGFR, bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé E/U/Cr (tẹ́ẹ̀sì iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, urea àti creatinine), ẹ ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀ fún yín. Kò gba owó, ìṣẹ́jú kan ni lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù.

Ta ló ṣe ìṣirò yìí, ṣé ó mọ àwa?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó lókìkí nínú àwọn ti àtijọ́, Donald Cockcroft àti Henry Gault ló gbé e jáde ní Canada lọ́dún 1976. Èèyàn 249 ni wọ́n fi ṣe é, ọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ti obìnrin, wọ́n kàn ní kí wọ́n fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó ń béèrè bí èèyàn ṣe wúwo tó, àwọn dókítà àti oníkẹ́míìsì ṣì ń lò ó tí wọ́n bá fẹ́ mọ ìwọ̀n oògùn tí wọ́n máa fún aláìsàn. Ìṣirò mìíràn tó ń jẹ́ MDRD dé ní 1999, CKD-EPI àkọ́kọ́ dé ní 2009, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi nǹkan kan kún un: tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n á tún fi nǹkan sọ nọ́ńbà ẹ̀ di púpọ̀, 1.21 nínú MDRD, 1.16 nínú ti 2009. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ẹran ara aláwọ̀ dúdú pọ̀ ju ti òyìnbó lọ.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Ẹni tí ìṣirò ní 55 fún, tí wọ́n bá fi 1.21 sọ ọ́ di púpọ̀, á fò di bíi 67. 60 ni ààlà tí dókítà ń wò, kíá ó ti bọ́ sápá ibi tó dáa, kò sì sóhun tó yí padà nínú kíndìnrín ẹ̀ ju àwọ̀ ara ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Èmi ò mọ irú ẹran ara tí wọ́n rò pé ìyá ẹni 70 ọdún tó jókòó ti kóńgò ní Bódìjà ní. Ní 2021 àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn yọ ọ́ kúrò, ìṣirò tuntun ò béèrè àwọ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọn ò tíì tún sọ́fútíwíà inú ẹ̀ ṣe lè ṣì máa tẹ ti àtijọ́ jáde, tẹ́ ẹ bá rí "Black" tàbí "African American" lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà nínú ìwé yín, ẹ fi han dókítà.

Ọ̀rọ̀ ò tún parí síbẹ̀ o. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022, wọ́n fi iohexol wọn kíndìnrín àwọn èèyàn tààrà ní Màláwì, Uganda àti South Africa, wọ́n wá fi wé ohun tí ìṣirò creatinine sọ. Ìṣirò pọ́n kíndìnrín wọn lé, ó ní ó dáa ju bó ṣe wà gan-an lọ. Nítorí náà, tí ìfojúbù bá fẹ́ ṣì lára wa, ó jọ pé apá pé "kò séwu" ló máa ń ṣì sí jù.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n ní àrùn kíndìnrín wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ọ̀rọ̀ jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1, 2010 ni wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀, ìrísí ẹ̀ kan tó léwu wọ́pọ̀ gan-an ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá n'Íbàdàn níbí fi sílẹ̀ fún ìwádìí jíìnì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹ fi wé jẹ́nótáìpù. Bí AS ṣe ń dáàbò boni lọ́wọ́ ibà, ìrísí APOL1 yìí náà ń gbèjà ara lọ́wọ́ irú àìsàn oorun kan, ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá nìkan tàbí ìyá nìkan ò ní wàhálà púpọ̀, ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni ewu ẹ̀ pọ̀ sí i, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ irú wọn ni àrùn kíndìnrín ò ní ṣe títí láé. Kò sí nínú ìṣirò eGFR rárá.

Ìgbà wo ni nọ́ńbà náà máa ń tan èèyàn jẹ?

Lẹ́yìn Iléyá. Mi ò ṣàwàdà. Creatinine wà nínú ẹran sísè, ẹni tó bá jẹ ẹran àgbò títí dòru tó wá wá ṣe tẹ́ẹ̀sì láàárọ̀, tiẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ yẹra fún ẹran fún bíi wákàtí 12 kẹ́ ẹ tó wá, ẹ mu omi bẹ́ ẹ ṣe ń mu ún, ẹ má sì ti ibi eré ìdárayá tó le gba láàbù lọ. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí jíìmù, tí wọ́n ń po páúdà creatine mu, ìwé lè máa fẹ̀sùn kan kíndìnrín wọn lásán.

Òdìkejì ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí àìsàn ti mú rù hangogo, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, arúgbó tí ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ìdọ̀tí tí ilé wọn ń dà jáde kéré, òkìtì wọn ò ní ga bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. eGFR wọn á máa dán lórí ìwé. Fún irú wọn, tẹ́ẹ̀sì mìíràn wà tó ń jẹ́ cystatin C, gbogbo ara ló ń mú un jáde, kì í ṣe ẹran ara nìkan, tí wọ́n bá sì pa á pọ̀ mọ́ creatinine, ìfojúbù á péye sí i. Ó wọ́n ju creatinine lọ, kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é. Òun náà níbi tó kù sí, oògùn steroid, sìgá àti àìsàn tairọ́ìdì lè yí i.

Aláboyún, ẹ má lo eGFR rárá. Oyún máa ń mú kíndìnrín ṣiṣẹ́ àṣekún, creatinine á wálẹ̀, nọ́ńbà tó dáa lára ẹlòmíì lè jẹ́ ìkìlọ̀ lára aláboyún.

Ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ńkọ́, bí ìgbẹ́ gbuuru tó ti fa omi ara ẹ̀ gbẹ? Tí gbogbo ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, òkìtì ò tíì ga lọ́sàn-án yìí. Ìfojúbù yìí fẹ́ kí nǹkan ti dúró sójú kan, nígbà tí kò bá tíì dúró, irọ́ ló ń pa, creatinine tí wọ́n ń tún ṣe lójoojúmọ́ ni dókítà máa wò. Oògùn náà wà níbẹ̀: Septrin lè mú creatinine ga láìṣe asẹ́ ní nǹkan kan, torí ó ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí díẹ̀ lára creatinine ń gbà jáde. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, àgbo náà wà níbẹ̀.

Ẹ sì gbìyànjú kẹ́ ẹ máa lo láàbù kan náà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láàbù ṣì ń gbà wá creatinine, orí ohun tí Max Jaffe ará Jámánì rí ní 1886 ni wọ́n gbé e kà, ó máa ń ka àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn nígbà míì, láàbù kan àti èkejì lè fi díẹ̀ yàtọ̀ síra.

Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìtọ̀ ṣe?

Èyí ni Ìyá yára lóye jù, torí asẹ́ níṣẹ́ wọn. Mo ní ọ̀nà mélòó ni asẹ́ èlùbọ́ lè gbà bàjẹ́? Wọ́n ní ojú ẹ̀ lè dí, kó má tètè kù ú mọ́. Ó sì lè ya, kí ìgàn máa bọ́ sínú èlùbọ́ tó kúnná.

eGFR, ojú asẹ́ tó dí ló ń wá. Kò lè rí asẹ́ tó ya. Kíndìnrín tó ya máa ń jẹ́ kí purotéènì kan tó ń jẹ́ albumin jò sínú ìtọ̀, ohun tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ sì ni. Ìjò yẹn lè ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eGFR ṣì wà ní 100, pàápàá lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tí ìtọ̀ ẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ tí hòó ọ̀hún ò sì tètè lọ, kó má fi ṣeré. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ń jẹ́ ACR, ó ń fi albumin inú ìtọ̀ wé creatinine inú ìtọ̀ kan náà, ìtọ̀ àárọ̀ díẹ̀ nínú ike ni wọ́n fẹ́. Tí kò bá tó 3 mg/mmol, ó dáa. 3 sí 30, ìjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 30, ìjò ti pọ̀. Àwọn láàbù tó ń lo mg/g á kọ 30 àti 300 fún ààlà kan náà, ọ̀rọ̀ kóńgò àti kílò tún dé.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe creatinine lọ́dọọdún tí wọn ò ṣe ìtọ̀ rí láyé wọn.

Ṣé ìwé kan ṣoṣo lè sọ pé àrùn kíndìnrín ti dé?

Kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó lè pè é ní àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́, eGFR gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ 60 fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta, tàbí kí àmì mìíràn bí ìjò albumin wà fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí: 90 sókè, 60 sí 89, 30 sí 59 tí wọ́n tún gé sí méjì ní 45, 15 sí 29, àti ohun tí ò tó 15. Méjì àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe àrùn tí kò bá sí àmì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nítorí náà ẹni tó rí 78 tó wá ń pe pásítọ̀ kó rọra ṣe. Tó bá sì lọ sí abẹ́ 15 náà, kì í ṣe ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á gbé èèyàn sórí ẹ̀rọ, bó ṣe ń ṣe aláìsàn ni wọ́n ń wò pọ̀ mọ́ nọ́ńbà.

Àwọn kan máa ń kà á bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, 49 túmọ̀ sí pé ìdajì kíndìnrín ló kù. Kò burú bí ọ̀nà láti rántí, àmọ́ ẹ má gbàgbé "e" yẹn o. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni ìfojúbù máa ń bọ́ sí àárín ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀ ti òótọ́. Ìwé ní 60, ti òótọ́ lè jẹ́ 50, ó lè jẹ́ 70. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ padà wá nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ yín lówó.

Ìyá ńkọ́?

Mo ní kí wọ́n gbé ìwé lọ bá dókítà. Ìfúnpá wọn ga, wọn ò mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn sì lè ti máa ba asẹ́ jẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n tún ń lo diclofenac fún orúnkún, lójoojúmọ́, ọdún kẹta rèé, wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé oògùn kiri lọ́jà. Dókítà ní kí wọ́n fi sílẹ̀, torí oògùn ara ríro irú ìyẹn, ibuprofen àti piroxicam náà, máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, ó fún wọn ní òmíràn fún orúnkún, ó fún wọn ní ti ìfúnpá. Ike àgbo náà, ó ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, ẹni tó sè é kò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, àwọn ewé àti egbò kan sì wà tó ń pa kíndìnrín.

Ó lé lóṣù mẹ́ta kí wọ́n tó padà wá, pẹ̀lú ìtọ̀ àárọ̀ nínú ike, nínú nylon, nínú nylon mìíràn. Creatinine 102, eGFR 51. Albumin inú ìtọ̀ ò tó 3. Àbígbẹ̀yìn ní ṣé ẹ rí i, ó ti fi 2 lọ sókè, kíndìnrín ń padà bọ̀ sípò! Mo ní rárá, arákùnrin, 49 àti 51 ò yàtọ̀, omi tí èèyàn mu lóru lè ṣe ìyẹn. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé kò lọ sílẹ̀, asẹ́ ò sì ya. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tó ti wà lábẹ́ 60, dókítà á kọ orúkọ àrùn ọ̀hún sínú fáìlì wọn báyìí, ọwọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kẹta ló ṣì wà, wọ́n á máa ṣọ́ ọ.

Mo ní kí Ìyá tọ́jú gbogbo ìwé wọ̀nyí pa pọ̀, kí wọ́n máa gbé e dání ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Ìyá ká a pọ̀, wọ́n kì í sí ìdí ìró, wọ́n ní ìwé kíndìnrín àwọn ti fẹ́ pọ̀ ju ìwé ilẹ̀ àwọn lọ.